Benz Onílẹ̀kùn Méjì: Àgbà Tàbí Tòkunbọ̀?

Bí oníbàárà bá gbé fọ́tò Benz méjì wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Ìjẹ̀bú-Igbó, 230CE ọdún 1982 àti CLK 350 tòkunbọ̀ ọdún 2006, tó ní kí wọ́n bá òun yan ọ̀kan, kí ọ̀dọ́ mẹkáníìkì má tíì sọ èyí tó wu òun. Ara ni ọkọ̀ àgbà máa ń gbà kú. Iná àti inú ẹ́ńjìnnì ni ti tòkunbọ̀. Ẹni tó bá fi ojú kan náà wo méjèèjì yóò ná owó olówó dànù.

Ọdún 1977 ni Mercedes gbé 123 onílẹ̀kùn méjì, ìdílé tí 230CE yìí ti wá, jáde, ó sì dá a dúró ní 1985; nǹkan bí 100,000 ni wọ́n ṣe. Ẹ́ńjìnnì àti gíà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti onílẹ̀kùn mẹ́rin, ìyẹn ni páàtì wọn fi ṣì wà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn, òrùlé àti gíláàsì rẹ̀ kò bá ti onílẹ̀kùn mẹ́rin mu rárá. Ẹ́ńjìnnì tó kú ṣeé wá. Gíláàsì iwájú tó fọ́ lè dá ọkọ̀ náà dúró fún oṣù bíi mélòó kan.

Nítorí náà, ara 230CE ni kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ wò. Kó fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé òòfà, kó fà á gba ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ibi tí jáàkì ń wọ̀, etí táyà ẹ̀yìn àti abẹ́ bátìrì. Ibi tí òòfà kò bá ti mú, fíílà ló wà níbẹ̀, irin sì lè ti jẹ tán. Lẹ́yìn èyí, kó sọ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kalẹ̀, kó tún gbé e sókè. Ọkọ̀ yìí kò ní òpó láàárín. Bí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ti iwájú àti ti ẹ̀yìn kò bá pàdé dáadáa, ó ṣeé ṣe kó ti ní jàǹbá rí. Ẹni tó ń gbé etí òkun ní Ogun Waterside, níbi tí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ti ń jẹ irin, kó gbàgbé ọkọ̀ àgbà.

Ti CLK ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Páàtì rẹ̀ kò wọ́n, torí ọmọ ìyá C-Class tó kún títì wa ni. Àmọ́ lára ẹ́ńjìnnì M272 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, irú èyí tó wà nínú rẹ̀, jíà balance shaft máa ń jẹ kó tó tọ́jọ́, ẹ́ńjìnnì sì gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ pátápátá kí wọ́n tó lè tún un ṣe. Ti 2006 wà nínú ewu yìí gan-an. Ẹni tó ń tà á sì lè ti pa kóòdù àléébù rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò. Bí síkánà bá ń kọ “not ready” síwájú ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò, ẹnì kan ti pa nǹkan rẹ́, tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú bátìrì. Kí wọ́n wà á fún ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò.

Bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ni CLK náà ti wá, àmì kẹwàá nínú nọ́ńbà ṣásíìsì ló ń sọ ọdún: 6 ni 2006. Kí mẹkáníìkì tún fa bẹ́líìtì ìjókòó dé òpin. Bí ẹrẹ̀ bá wà lára rẹ̀, omi lè ti mu ọkọ̀ náà rí.

Olùkọ́ tó ń wa ọkọ̀ lọ sí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè lójoojúmọ́, CLK ló yẹ ẹ́, bí ẹ̀rí bá wà pé wọ́n ti tún jíà yẹn ṣe. Ẹni tó ní ọkọ̀ mìíràn nílé, tó sì ní ibi ìgbọ́kọ̀sí tó lórùlé, kó ra 230CE tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mẹkáníìkì, ẹ má gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ọkọ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sórí ìwé, kí ẹ sì fi lé oníbàárà lọ́wọ́ kó tó sanwó.