Erìgì ni Ọmọ Fi Ń Jẹ Ìkọ́kọrẹ́

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin pé oṣù 10, eyín méjì péré ló hù. Ẹ̀kọ mímu nìkan ló ń gbà. Bí mo bá fi ẹ̀wà tàbí ìrẹsì díẹ̀ sí i, á máa ṣe bí ẹni fẹ́ bì, á sì tu ú dànù. Ìyá ọkọ mi ní kí n dúró kí eyín rẹ̀ pọ̀ sí i. Òkè-Ajé ni mo ti ń tajà, mi ò sí nílé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ṣé kí n ra oògùn amúnijẹun fún un? Ìyá Ọmọ, Ìjẹ̀bú-Òde.

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú. Má ra oògùn kankan. Ọ̀rọ̀ eyín yìí ni kí a kọ́kọ́ jókòó lé, nítorí mo ti gbọ́ ọ títí ó ti sú mi.

Eyín méjì iwájú yẹn, gígé ni iṣẹ́ wọn. Eyín ńlá ẹ̀gbẹ́ ẹnu tí a fi ń rún oúnjẹ kì í sábà yọ kí ọmọ tó lé lọ́dún kan. Bí a bá ní ká dúró dè é, ọmọ á ti máa rìn kó tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní jíjẹ. Erìgì ni ọmọ fi ń jẹun. Fọ ọwọ́ rẹ, ti ìka bọ ibi tí eyín kò sí lẹ́nu rẹ̀, kó há a mọ́ ọ: wàá mọ̀ pé ibẹ̀ le tó láti fọ́ ẹ̀wà tó jinná. Ní Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tẹ̀lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí wọ́n bí ní 1991 àti 1992. Àwọn tí kò rí oúnjẹ oníhóró jẹ títí wọ́n fi kọjá oṣù 9 ló ń kọ ẹ̀fọ́ àti èso jù nígbà tí wọ́n di ọmọ ọdún 7. Má bá ìyá ọkọ rẹ jà o, ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n má dúró.

Bí ó ṣe ń ṣe bí ẹni fẹ́ bì yẹn, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló ń ti hóró padà síwájú kó lè tún un jẹ. Ọmọ tí oúnjẹ há sí lọ́fun ní tòótọ́ kì í pariwo. Kò ní lè sunkún, kò ní lè wúkọ́, ètè rẹ̀ á máa dúdú. Ìgbà yẹn ni kí o dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí apá rẹ, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ìdí lọ, kí o gbá a láàrin ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, yí i padà kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, fi ìka méjì tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹnì kan máa wá ọkọ̀.

Wàyí o, ó kan asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì ẹ̀kọ rẹ̀. Ẹni tó ń ka ojú ewé yìí mọ̀ pé n kì í dákẹ́ lórí asẹ́. A ó rẹ àgbàdo, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì da èèrí fún ewúrẹ́. Púpọ̀ nínú ohun tó ń mú ọmọ dàgbà bá èèrí yẹn lọ! Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì fi po sóyà mọ́ ògì láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Asẹ́ tún ń kọ́ ahọ́n ọmọ pé gbogbo oúnjẹ gbọ́dọ̀ máa ṣàn. O wá ju hóró ẹ̀wà sínú ẹ̀kọ tó ṣàn. Ọmọ ń mu, ó ṣàdédé kan òkúta. Kò sí oúnjẹ tó le fún ọmọ bí omi tí hóró sá pamọ́ sí.

Ìjẹ̀bú ni ọ́, ewùrà sì wà lọ́jà rẹ, nítorí náà ìkọ́kọrẹ́ ni kí o sè fún un. Gbé ìkòkò kékeré kaná láìfi ata sí i, kí omi ẹja àti epo díẹ̀ máa hó. Rin ewùrà, fi ìka máa ju ú sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, má rò ó títí yóò fi dì. Hóró ìkọ́kọrẹ́ àti èyí tó yí i ká kì í le ju ara wọn lọ, ahọ́n ọmọ kò ní ta gìrì. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ hóró rẹ̀ kó kéré bí ìrẹsì. Lọ́sẹ̀ kejì, kó tó ẹ̀wà. Lẹ́yìn náà, gbé èyí tó tóbi lé e lọ́wọ́ kó fúnra rẹ̀ gbé e sẹ́nu. Ẹja ńkọ́? Fi ìka wá eegun rẹ̀ tán pátápátá.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ ọmọ náà. Kí a di ọmọ nímú, kí a fi àtẹ́lẹwọ́ da ẹ̀kọ sí i lọ́fun, ó lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ, kò sì kọ́ ọ ní jíjẹ. Bí ó bá yíjú, gbé abọ́ kúrò. Ó lè tó ìgbà 10 tàbí 15 kó tó gba oúnjẹ kan.

Ní ti Òkè-Ajé tí o ń lọ tajà, ka ìwé yìí fún ẹni tó ń bá ọ tọ́jú rẹ̀. Lálẹ́, gbé e jókòó síbi tí ẹ ti ń jẹun, kó máa wo ẹnu rẹ. Bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá gòkè lórí káàdì rẹ̀, tàbí tí omi lásán pàápàá ń sá a lórí nígbà gbogbo, má kọ ìwé sí mi mọ́: gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.