Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Ń Tọ́jú Ìbòjú Rọ́bà

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí ni mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ní ìbòjú rọ́bà fi sọ́kàn kó tó ra fóòmù tí yóò kì bọ inú rẹ̀. Kì í ṣe ti eégún ni mo ń sọ o. Eégún ní àwọn tó ni ín. Ìbòjú eré ni mo ń wí, irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń dé sórí ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà fún ayẹyẹ Halloween, tí àwọn òṣèré ń lò nínú fíìmù, tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ sì ń tò sórí pẹpẹ nínú ilé wọn.

Ìbòjú bẹ́ẹ̀ kò ní egungun. Oje rọ́bà ni wọ́n ń dà sínú mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi POP ṣe. Mọ́ọ̀dù náà á fa omi inú oje mu, rọ́bà á lẹ̀ mọ́ ọn lára ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á da èyí tó kù jáde, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á sì bó o. Awọ lásán ló kù. Tí ẹ bá gbé e kalẹ̀ láìsí nǹkan nínú rẹ̀, imú á wọlé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wó, ọrùn á ká jọ. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ibi tó ká kò ní nà mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni yóò ti kọ́kọ́ sán.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tó wà nínú ìbòjú ló ń sọ bí ojú rẹ̀ yóò ṣe rí. Ẹ wo ti Michael Myers, apànìyàn inú fíìmù Halloween tí John Carpenter darí, tó jáde ní 1978. Ìbòjú Captain Kirk tí iléeṣẹ́ Don Post Studios ṣe ni wọ́n rà, ojú William Shatner, òṣèré tó ṣe Captain Kirk, ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n fẹ ihò ojú rẹ̀, wọ́n sì tún irun rẹ̀ ṣe. Nick Castle ló dé e jù nínú fíìmù àkọ́kọ́. Nígbà tí apá kejì jáde ní 1981, ìbòjú kan náà ni Dick Warlock dé, síbẹ̀ ẹni tó bá wo fíìmù méjèèjì á rí i pé ojú náà ti fẹ̀ sí i. Rọ́bà ọ̀hún ti gbó díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ orí tó wọ inú rẹ̀ náà yàtọ̀. Bí orí ènìyàn bá lè yí ojú ìbòjú padà láàárín àsìkò tí wọ́n fi ya fíìmù, kí ni fóòmù tí a kò wọ̀n kò ní ṣe fún èyí tó jókòó lé e lọ́dún dé ọdún?

Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré ra fóòmù inú agolo, èyí tí àwọn kọ́lékọ́lé fi ń dí àlàfo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tí wọ́n á sì fín in tààrà sínú ìbòjú. Fóòmù yìí ń wú ju bí ojú ṣe rí i lọ, á sì ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ síta. Ó ń gbóná bó ṣe ń le, ó sì ń lẹ̀ mọ́ rọ́bà débi pé ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ á ya ìbòjú náà ni. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú un gan. Bí ẹ bá fi kún ibi tó jìn, ìta rẹ̀ á le, inú rẹ̀ á ṣì máa lẹ̀ mọ́wọ́. Èyí tó jẹ́ oríṣi omi méjì tí a ń pò pọ̀ kò nílò afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ máa ń pọ̀ gan-an bí a bá da púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó dandan, ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ọ̀rá fẹ́lẹ́ sínú ìbòjú, ẹ máa dà á díẹ̀díẹ̀, kí ti ìṣáájú tutù kí òmíràn tó wọlé. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbomú tó yẹ, kí ẹni tó ní ikọ́ fée má sì sún mọ́ ọn rárá.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Fóòmù tí mo fọwọ́ sí ni polyethylene, èyí tó le díẹ̀, tí wọ́n fi ń di ẹrù ẹlẹgẹ́. Òun ni àwọn olùtọ́jú ohun àtijọ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń lò, nítorí kì í tú kẹ́míkà sára ohun tó bá kàn án. Fóòmù tìmùtìmù rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ á pọ́n, á sì máa rún bí ìyẹ̀fun. Orí funfun tí àwọn onírun ń gbé wíìgì lé sábà máa ń kéré sí orí àgbàlagbà, nítorí náà ẹ ní láti wé nǹkan mọ́ ọn. Ẹ má sì fín ọ̀dà sí i, torí kẹ́míkà inú ọ̀dà náà máa ń jẹ ẹ́.

Ẹ fi ọṣẹ tí kò le àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ inú ìbòjú, kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ wọ́n pawúdà díẹ̀ sí i. Ẹ wọn yíyíká iwájú orí rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀. Ẹ gbẹ́ fóòmù kó kéré sí ìbòjú ní ìwọ̀n ìbú ìka kan yíká, kí ẹ wá fi òwú tí wọ́n fi ń kì ìrọ̀rí àti aṣọ funfun tó mọ́ bò ó. Nítorí pé ọrùn kéré sí orí, ẹ la fóòmù náà sí mẹ́ta lóròó: ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń kọ́kọ́ wọlé, ti àárín á tẹ̀lé e. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tú u, ti àárín ni kí ẹ kọ́kọ́ fà jáde, ohunkóhun kò ní ya. Ẹ fi òwú díẹ̀díẹ̀ kún imú àti àgbọ̀n. Ẹ lu ihò sí ìdí apá àárín, kí ẹ fi kan ọ̀pá tó dúró lórí pákó, kí ìwúwo má bàa wà lórí ọrùn rọ́bà. Bí ẹ bá fi ìka tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó wọlé díẹ̀ tó sì padà, ó ti tó. Bó bá le gbagidi, ẹ yọ òwú kúrò.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Oòrùn, ooru, òróró àti òógùn ló ń ba rọ́bà jẹ́. Ẹ má gbé e sí ojú fèrèsé, ẹ má sì fi bébà ìròyìn kì í. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kì fóòmù bọ inú rẹ̀ sí ìdí ọ̀pá náà, kí ẹ máa tú u wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ibi tó bá ti ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, ẹ pààrọ̀ aṣọ náà lọ́jọ́ yẹn, ẹ tún wọ́n pawúdà sí i. Rọ́bà yóò gbó bó pẹ́ bó yá. Iṣẹ́ tiwa ni pé kí ohun tí a fi gbé e ró má ṣe jẹ́ ohun tí yóò bà á jẹ́ ṣáájú ọjọ́ rẹ̀.