Kí O Tó Tú Kábúrétọ̀

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ọ̀kadà, àti ẹ̀yin ọlọ́kadà tí ẹ máa ń fọwọ́ ara yín tún un ṣe lẹ́bàá títì, ẹ fetí sí mi díẹ̀. Ohun tí mo ń rí ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kò dùn mọ́ mi nínú. Ẹnì kan á ti alùpùpù rẹ̀ dé láàárọ̀, òógùn á ti bò ó, á ní, "Ọ̀gá, ẹ gbà mí o, ó ti kọ̀, kò sítáàtì." Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí sípánà fi dé ọwọ́ yín. Kó tó rí bẹ́ǹṣì jókòó lé, kábúrétọ̀ ti wà lórí àpò sìmẹ́ńtì nílẹ̀, àwọn súkúrù rẹ̀ ti fọ́n ká. Ó sì lè jẹ́ pé epo ló tán nínú táńkì.

Ìmọ̀ràn mi kò gùn: ohun tí o kò bá tíì dán wò, má tú u. Ọ̀kadà tó kọ̀ láàárọ̀ kì í ṣe ọwọ́ ayé, bó ti wù kí ẹni tó ni ín máa ṣépè tó. Ohun mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì ń bèèrè kó tó jí. Ó ń fẹ́ epo tó pò mọ́ afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n tó yẹ. Ó ń fẹ́ iná tó ta lẹ́nu púlọ́ọ̀gì lásìkò. Ó sì ń fẹ́ kọ̀ǹpúréṣọ̀n, ìyẹn agbára tí písítìn fi ń fún epo àti afẹ́fẹ́ yẹn mọ́ra kí iná tó ràn án. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbá kíkì títí ẹsẹ̀ á fi wú, kò ní jí. Iṣẹ́ rẹ ni láti mọ èyí tó yẹ̀, ọ̀nà tí a sì ń gbà mọ̀ ọ́n kò gba pé kí a tú nǹkan ká.

Ẹnu oníbàárà ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kó jókòó, fún un lómi mu, kí o wá bi í. Ìgbà wo ló máa ń kọ̀, ṣé bó bá sùn mọ́jú ni àbí bó bá ti gbóná tán? Ṣé ẹ fọ̀ ọ́ lánàá? Ṣé òjò pa á? Níbo lẹ ti ra epo? Ta ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn? Má fojú kékeré wo ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn, nítorí ọ̀pọ̀ àìsàn ọ̀kadà ló jẹ́ pé ọwọ́ mẹkáníìkì àná ló ti kó o. Èyí tó ń kọ̀ ní tútù nìkan, ọ̀rọ̀ ṣóòkì, tàbí jẹ́ẹ̀tì kékeré inú kábúrétọ̀, tàbí púlọ́ọ̀gì tó ti gbó ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tó ń jí wẹ́rẹ́ láàárọ̀, tó wá ń kọ̀ lọ́sàn-án lẹ́yìn tó ti sáré dáadáa, fura sí fáàfù tí wọ́n ti fún jù, tàbí kọ́ìlì tí agbára rẹ̀ ń lọ bí ooru bá mú un, tàbí kábúrétọ̀ tí epo ń kún ní àkúnya. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn òjò tàbí lẹ́yìn fífọ̀ ló kọ̀, yọ fìlà púlọ́ọ̀gì, nu omi inú rẹ̀, jẹ́ kó gbẹ. O kò tíì ná kọ́bọ̀, o ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Lẹ́yìn náà, wo ohun tí kò lówó nínú. Ṣí táńkì kí o fojú ara rẹ rí epo. Má gba ohun tí géèjì bá wí gbọ́. Wo tápù epo bóyá ó wà ní títì, tàbí ó yẹ kí o yí i sí rìsáfù. Wo súwíìsì pupa tó wà níbi ọwọ́ ọ̀tún, bí tìrẹ bá ní in, nítorí àwọn ọmọdé tó ń gun alùpùpù ṣeré máa ń tẹ̀ ẹ́ pa. Wo ìdérí táńkì pẹ̀lú: ihò tóóró kan wà lára rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí epo bá ti ń lọ sílẹ̀. Bí eruku bá dí i, ẹ́ńjìnnì á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á kú, á sì kọ̀ jálẹ̀. Ṣí ìdérí náà, dúró díẹ̀, kí o tún gbá kíkì. Bó bá jí, o ti rí i.

Ìgbà yìí ni kí o wá yọ púlọ́ọ̀gì, ṣùgbọ́n gbá kíkì ní ìgbà bíi mélòó kan ṣáájú, kí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sìlíńdà lè hàn lára rẹ̀. Àwa tí a kọ́ṣẹ́ lórí Jincheng AX100, ẹ̀rọ tó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo tó sì ń ba púlọ́ọ̀gì jẹ́ léraléra, ojú púlọ́ọ̀gì ni ìwé tí a kà. Bó bá jáde ní gbígbẹ, tí o gbóòórùn rẹ̀ tí o kò gbọ́ epo, a jẹ́ pé epo kò dé inú. Ìgbà yẹn ni ẹjọ́ kábúrétọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ṣáájú. Bó bá tutù, tó ń rùn fún epo, epo ti dé, bóyá ó tiẹ̀ ti pọ̀ jù; iná ni kí o wá lọ. Bí èédú dúdú gbígbẹ bá bò ó, epo ń ju afẹ́fẹ́ lọ: ẹnì kan gbàgbé ṣóòkì sílẹ̀, tàbí eruku ti dí fíltà afẹ́fẹ́ pa. Ní ẹ́ńjìnnì tí kì í jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, bó bá dúdú tó sì ń yọ̀ fún ọ́ìlì, ríìngì tàbí rọ́bà ìdí fáàfù ti jẹ. Má sọ fún oníbàárà pé púlọ́ọ̀gì tuntun á yanjú èyí. Òótọ́ ni pé ó lè jí fún ọjọ́ bíi mélòó kan, àmọ́ á padà wá bá ọ, ojú ẹni tó ni ín á sì ti le. Èyí tó funfun, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ ju epo. Àwọ̀ búráùn fẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọ̀ àlàáfíà.

Wọn àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì pẹ̀lú. Honda gbé CG125 jáde ní ọdún 1976, alùpùpù tí wọ́n dìídì ṣe fún ìlú tí a kì í ti ráyè tọ́jú ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tó ń ti Ṣáínà wá sì ń lo irú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ títí dòní. Àlàfo púlọ́ọ̀gì tirẹ̀ jẹ́ mílímítà 0.6 sí 0.7. Bí irin ẹnu rẹ̀ bá ti jẹ, tí àlàfo sì fẹ̀, o lè rí iná lóde kí iná náà má lè fò kọjá nínú sìlíńdà, níbi tí ohun gbogbo ti fún mọ́ra. Ra féélà géèjì, má máa fojú wọ̀n ọ́n. Ní tèmi, púlọ́ọ̀gì ojúlówó tó ti pẹ́ díẹ̀, tí a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ tí a sì tún àlàfo rẹ̀ ṣe, mo fẹ́ ẹ ju ayédèrú tuntun tó ń dán nínú páálí lọ.

Láti dán iná wò, fi púlọ́ọ̀gì padà sínú fìlà rẹ̀, jẹ́ kí ara irin rẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì dáadáa, ṣí kọ́kọ́rọ́, gbá kíkì. Iná búlúù tó ń ta gbọnmọ là ń wá; èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú kò lágbára. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí o: má ṣe é lẹ́bàá ihò tí o ti yọ púlọ́ọ̀gì. Oru epo ń tú jáde níbẹ̀, ìwọ sì ń ṣáná. Ti tápù epo, gbé púlọ́ọ̀gì jìnnà sí ihò náà, kó agolo epo kúrò nílẹ̀, lé ẹni tó ń mu sìgá sẹ́yìn. Ẹni tí irun ìpéǹpéjú rẹ̀ bá jó lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé, ó sì sàn kó o gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Bí iná kò bá sí, má sáré pariwo pé CDI, àpótí kékeré tó ń darí iná púlọ́ọ̀gì, ti kú. Ọ̀rọ̀ yẹn ti ná àwọn èèyàn lówó tí kò yẹ kí wọ́n ná. Yí fìlà púlọ́ọ̀gì kúrò lára wáyà rẹ̀, gé orí wáyà náà kúrò bíi ìdajì sẹ̀ǹtímítà, kí o tún yí i padà wọlé dé inú. Orí wáyà yẹn máa ń jẹ, kò sì ní kan ohun tó yẹ kó kàn mọ́. Wo wáyà áàtì tí wọ́n dè mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Fa gbogbo ojú ìsopọ̀ wò, nù wọ́n. CDI ló gbẹ̀yìn. Kí o tó ní kó ra òmíràn, yá ti alùpùpù irú kan náà tó ń ṣiṣẹ́, fi dán an wò. Bí iná bá dé, o ti ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Ó ku ẹni tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ gbẹ. Kódà níbí náà, kábúrétọ̀ ò tíì tó tú. Súkúrù kékeré kan wà nídìí abọ́ rẹ̀. Gbé ìgò funfun sábẹ́ rẹ̀, ṣí tápù epo, dẹ súkúrù náà. Bí epo kò bá ṣàn, inú tápù, fíltà epo tàbí rọ́bà epo ni ìdíwọ́ wà. Bó bá ṣàn, gbé ìgò náà síbi ìmọ́lẹ̀ kí o jẹ́ kó silẹ̀. Omi wúwo ju epo bẹntiróòlù lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni o ti máa bá a. Epo inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà máa ń mú irú omi bẹ́ẹ̀ wá, pàápàá nígbà òjò. Ẹ̀yin náà rántí oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà, tí ọkọ̀ àti alùpùpù ń kú káàkiri. Methanol máa ń fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ rọ́bà àti irin. Láti ìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ló ń ra epo díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń fi ìsàlẹ̀ táńkì rìn, ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni ìdọ̀tí àti omi ń gbé. Bí o bá fẹ́ fa epo jáde, má fi ẹnu fà á. Epo tó bá gba ọ̀nà ọ̀fun dé inú ẹ̀dọ̀fóró lè pa ènìyàn.

Ó wá kan kábúrétọ̀ wàyí. Bí ìgò ti fi epo tó mọ́ hàn, tí púlọ́ọ̀gì ṣì gbẹ, jẹ́ẹ̀tì kékeré tí ẹ́ńjìnnì fi ń jí ló sábà máa ń dí. Kí o tó yọ súkúrù afẹ́fẹ́ kábúrétọ̀, yí i wọlé jẹ́jẹ́ kí o ka iye ìgbà tó yí kó tó jókòó, kọ ọ́ sílẹ̀, torí ibẹ̀ lo máa dá a padà sí. Má sì ki wáyà bọ ihò jẹ́ẹ̀tì. Ó tóóró gan-an, wáyà á sì gbẹ́ ẹ fẹ̀, láti ọjọ́ náà lọ á máa jẹ epo láìnídìí. Fi epo fọ̀ ọ́, gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kó fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Ìyẹn tó.

Bí epo bá wà, tí iná wà, tó ṣì kọ̀, àtàńpàkò rẹ ni irinṣẹ́ rẹ. Pa kọ́kọ́rọ́, fi àtàńpàkò dí ihò púlọ́ọ̀gì pinpin, kí ẹlòmíràn gbá kíkì. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ tì í kúrò. Bí kò bá lágbára, kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sínú ihò náà, tún gbá a. Bí agbára bá padà, ríìngì ló jẹ; bí kò bá padà, fáàfù ni. Fáàfù yìí kan náà ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí. Oníbàárà á ní ẹ́ńjìnnì òun ń dún "ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀", ìwọ náà á fún tápẹ́ẹ̀tì fáàfù títí á fi dákẹ́, á dùn mọ́ ọn, á sanwó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, irin fáàfù á gùn sí i, kò ní lè padé mọ́, kọ̀ǹpúréṣọ̀n á máa sá jáde, ẹnu fáàfù á jó. Mílímítà 0.08 ni àlàfo fáàfù ti CG125, ní ẹ́ńjìnnì tútù, kí písítìn wà lókè pátápátá níbi tí fáàfù méjèèjì ti pa. Tápẹ́ẹ̀tì tó ń dún díẹ̀ sàn ju èyí tó dákẹ́ lọ. Sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà, bí kò tiẹ̀ gbà.

Ẹ̀yin ọlọ́kadà, nígbà ọyẹ́ epo kì í tètè di oru, ìdí nìyẹn tí ṣóòkì fi wà. Fà á, má fọwọ́ kan tọ́rótù, gbá kíkì. Bó bá ti gbóná, dá a padà. Bí ẹ bá ti gbá a jù tí epo sì ti kún un, ẹ dá ṣóòkì padà, ẹ ṣí tọ́rótù tán pátápátá kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí ẹ tún gbá a. Ẹni tó bá ń tú púlọ́ọ̀gì láràárọ̀ láti da epo sí ihò rẹ̀, kò tún nǹkan kan ṣe, ara rẹ̀ ló ń fi wewu iná.

Bó bá sì ti jí, má tíì gba owó. Kó gbogbo ohun tí o pààrọ̀ lé e lọ́wọ́. Jẹ́ kí alùpùpù náà sùn sí ṣọ́ọ̀bù mọ́jú bí ó bá gbà, kó tutù pátápátá, kí ẹni tó ni ín wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbá kíkì láàárọ̀ ọjọ́ kejì níṣojú rẹ.