Ẹṣin Abìyẹ́: Òbí, Ọmọ Wẹ́wẹ́ àti Iṣẹ́ Ọwọ́

 

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ sàká. Ọ̀rọ̀ àkísà ni, àti agolo mílíìkì, àti ewé ọ̀pẹ, àti àwọn ọmọ kéékèèké tí ń kó wọn jọ sí ẹ̀yìn ilé. Bí ẹnìkan bá ń bi ara rẹ̀ pé kí ni èyí ń wá nínú ìwé ẹgbẹ́ wa, kí ó ní sùúrù. Ẹni tí kò tí ì bímọ náà kò gbọdọ̀ ṣí ojú ìwé yìí kọjá; ó ní àbúrò, ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n, ó sì lè jẹ́ pé òun ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé kéwú ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí ara wa bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, a ti gbálẹ̀ tán, à ń retí àlejò, ni a bá rí ohun kan lórí àga. Agolo mílíìkì méjì ni, tí a fi okùn so pọ̀, ìdérí ìgò mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àkísà tó dọ̀tí sì wà lórí rẹ̀. A kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. A gbé e, ó di orí àkìtàn. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ wa ọkùnrin, tí kò tí ì pé ọdún 6 nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í wo abẹ́ àga kiri. A bi í pé kí ni ó sọnù. Ó ní ọkọ̀ òun ni, ọkọ̀ tí òun fẹ́ fi gbé ìyá àgbà lọ sí Mẹ́kà. A ní ìdọ̀tí ni, a ti dà á nù. Kò sunkún. Ìyẹn gan-an ni ó wá ń dùn wá nígbà tí ó yá. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta gbáko, kò gbé ohun tí ó bá ṣe wá hàn wá mọ́. Bí a bá ti wọlé, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ó ń sáré fi í sí.

Èyí ni ó mú wa padà sí inú àwọn hàdíìsì tí a ti kà tipẹ́, tí a kò sì ka ojú wọn dáadáa.

Àkọ́kọ́ ni ti ọjọ́ Àṣúrà. Ṣáájú kí ààwẹ̀ Rámádánì tó di ọ̀ranyàn ní ọdún 2 lẹ́yìn Híjíra, Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a) ránṣẹ́ sí àwọn abúlé àwọn Ansar tó yí Mẹ̀dínà ká, pé kí àwọn ènìyàn gba ààwẹ̀ ọjọ́ náà. Rubayyi‘, ọmọbìnrin Mu‘awwidh, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn sàhábà obìnrin, ni ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wọn lẹ́yìn náà. Bukhari àti Muslim ni wọ́n gbà á wá. Ó ní àwọn a máa gba ààwẹ̀ náà, àwọn a sì máa jẹ́ kí àwọn ọmọ àwọn bá àwọn gbà á. Àwọn a wá fi irun àgùntàn ṣe ohun ìṣeré fún wọn. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bá ń sunkún oúnjẹ, ohun ìṣeré náà ni àwọn yóò fún un títí ìṣínu yóò fi tó.

Gbogbo wa mọ̀ pé ààwẹ̀ kò jẹ́ dandan fún ọmọdé, ìfinimọ́ra ni. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ wò ni ọwọ́ àwọn ìyá náà. Àwọn pẹ̀lú ń gba ààwẹ̀. Ebi ń pa wọ́n, òòrùn Mẹ̀dínà sì ń ràn. Wọn kò ní owó ohun ìṣeré. Síbẹ̀ wọ́n jókòó, wọ́n mú irun àgùntàn, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn sọ ọ́ di nǹkan tí ọmọ yóò gbà tí ẹkún rẹ̀ yóò rọlẹ̀. Mélòó nínú wa ni ọmọ rẹ̀ ń sunkún lónìí tí kì í ṣe pé a pariwo mọ́ ọn, tàbí kí a ju fóònù sí i lọ́wọ́ kí ó lè dákẹ́?

Ìkejì ni ti Áíṣà, ìyá àwa onígbàgbọ́ òdodo. Abu Dawud ni ó gbà á wá. Ànábì ti ogun dé, bóyá ti Tabuk tàbí ti Khaybar, ẹni tó gbà á wá kò dá a mọ̀ dájú. Aṣọ kan wà tí Áíṣà fi bo ibi tí ó ń kó nǹkan sí. Atẹ́gùn fẹ́, aṣọ náà ká sókè, àwọn ọmọláńgidi rẹ̀ sì hàn síta. Ànábì bèèrè pé kí ni ìwọ̀nyí. Áíṣà dá a lóhùn pé àwọn ọmọ òun ni. Ó tún rí ẹṣin kan láàrin wọn tí a fi àkísà ṣe ìyẹ́ méjì sí lára. Ó bèèrè pé kí ni èyí tó wà láàrin. Áíṣà ní ẹṣin ni. Ó bèèrè pé kí ni ó wà lára ẹṣin. Ó ní ìyẹ́ ni. Ànábì ní, ẹṣin ló wá ní ìyẹ́? Áíṣà fèsì pé ṣé kò tí ì gbọ́ pé Ànábì Sulaimọ́nù ní àwọn ẹṣin tó ní ìyẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí a fi rí eyín ọ̀gànjọ́ rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún.

Ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ó ti ojú ogun dé ni, tí eruku ọ̀nà ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlú odidi wà lọ́rùn rẹ̀. Àkísà ni ó rí. Kò ní kí wọ́n gbá a dànù. Ó bèèrè. Nígbà tí a sì dá a lóhùn, ó tún bèèrè, títí ẹni tó ni nǹkan náà fi ráyè sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹ fi èyí wé tiwa ní ọjọ́ Sátidé yẹn. Bí a bá bèèrè ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré, à bá ti gbọ́ ti Mẹ́kà kí a tó dé orí àkìtàn.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò bèèrè nípa àwòrán ohun ẹlẹ́mìí. Àwọn onímọ̀ ní ọ̀rọ̀ gígùn lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yọ ohun ìṣeré ọmọdé sílẹ̀ nítorí hàdíìsì àwọn ọmọláńgidi Áíṣà yìí, àwọn mìíràn kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kí ó má ya ojú àti ẹnu sí àkísà náà. Ọmọ kò ní bínú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi ọkàn ya ojú sí i.

Ẹ̀yin ọkùnrin inú wa, ẹ má ṣe wò ó pé iṣẹ́ ìyá ni èyí. Ànábì Dáúdà ń jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Káfíńtà ni Ànábì Sakariyáù. Nígbà tí wọ́n sì bi Áíṣà léèrè ohun tí Ànábì wa ń ṣe bí ó bá wà nílé, ó ní iṣẹ́ ará ilé rẹ̀ ni ó ń bá wọn ṣe, bí àkókò ìrun bá tó, ó di mọ́sáláṣí. Ìwé Ahmad sọ pé ó ń tún bàtà rẹ̀ ṣe, ó sì ń rán aṣọ rẹ̀. Ta ni ó wà nítòsí tí ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ó ti ń fa okùn bàtà? Àwọn ará ilé ni.

Ní ti ohun tí a lè ṣe, kò sí èyí tó gba owó. Ẹ gba agolo mílíìkì, ẹ fi òkúta tẹ etí rẹ̀ dáadáa kí ó má baà gé ọmọ lọ́wọ́. Àgbà ni kí ó fi ìṣó lu ihò sí i. Àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì tó ti já ni táyà tó dára jùlọ. Ó rọrùn láti gé, kì í sì í pariwo nínú ilé bíi ti ìdérí ìgò. Ọ̀pá ìgbálẹ̀ nípọn díẹ̀ yóò gún un já. Bí ọmọ kò bá tí ì pé ọdún 3, ẹ má ṣe jẹ́ kí bọ́tìnì, ìdérí ìgò tàbí hóró ẹ̀wà wà nítòsí rẹ̀, ẹnu ni yóò fi í sí, ó sì lè há a lọ́fun.

Wàláà náà jẹ́ iṣẹ́ tí a lè bá ọmọ ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé àti bírò ni ọ̀pọ̀ ilé kéwú ń lò báyìí. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni kí ó gé pátákó náà. Dídán rẹ̀ ni kí ẹ fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ewé ìpín ni àwọn baba wa fi ń dán igi. Ojú rẹ̀ le ṣáká bí ahọ́n ológbò, ọmọ yóò sì fẹ́ràn láti fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí ó máa dán an fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ẹ lọ èédú kúnná, ẹ fi omi díẹ̀ àti oje igi pò ó kí ó di tàdáà, ẹ fi oparun gbẹ́ kálámù. Ọmọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán wàláà kì í gbé e sọ sílẹ̀. A ti rí èyí.

Èyí tí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn jù ni àdìrẹ. Orúkọ rẹ̀ ti sọ bí a ti ń ṣe é: a dì í, a sì rẹ ẹ́ sínú aró. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ti sọ iṣẹ́ yìí di olókìkí, ọjà àdìrẹ Ìtòkú sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ìyá ni ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ nínú agbo ilé. Ẹ wá aṣọ funfun tó ti gbó, ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ jọ, kí ọmọ máa fi aṣọ wé e níkọ̀ọ̀kan, kí ó fi ìko tàbí òwú dì í pinpin. Ibi tí ó bá dì, aró kò ní wọ ibẹ̀, funfun ni yóò wà bí òṣùpá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: sódà tí àwọn aláró ń lò lóde òní ń bó awọ ara, ó sì lè ba ojú jẹ́. Kí ọmọdé má ṣe sún mọ́ ọn rárá. Nínú ilé tiwa, èèpo àlùbọ́sà ni a ń sè títí omi rẹ̀ yóò fi pọ́n, tí a bá ti jẹ́ kí ó tutù ni a ń rẹ aṣọ sínú rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ kò dúdú bíi ti ẹ̀lú, ó máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ni. Ìgbà tí wọ́n bá ń tú ìdì náà ni kí ẹ wo ojú wọn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè fò. Ní òpin táàmù, ilé ẹ̀kọ́ a máa ní kí ọmọ mú iṣẹ́ ọwọ́ wá: ìgbálẹ̀, abẹ̀bẹ̀, apẹ̀rẹ̀, ẹní kékeré. Kí ni ọ̀pọ̀ òbí ń ṣe? Wọ́n á lọ rà á lọ́jà ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ọmọ á gbé e lọ, tíṣà á bèèrè pé ta ló ṣe é, ọmọ á ní òun ni. Máàkì á wọlé. Irọ́ ni a kọ́ ọmọ yẹn, a sì fi owó wa rà á. Àwa tí à ń lé irọ́ lẹ́nu rẹ̀ lójoojúmọ́ ni a tún fún un ní èyí tí yóò gbé lọ sí ilé ìwé. Ìgbálẹ̀ tí ọmọ ha fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ kúrú tó sì wọ́, sàn ju èyí lọ lọ́jọ́ gbogbo, kódà bí máàkì rẹ̀ kò bá ju 4 nínú 10.

Irú rẹ̀ mìíràn ni ti òbí tí ó dúró kí ọmọ sùn, kí ó tó tú ohun tí ọmọ rán, kí ó sì tún un rán kí ó lè gún. Nínú Súrà An-Nahl, áyà 92, Ọlọ́hun sọ nípa obìnrin tí ó ran òwú tán tí ó sì tún tú u. Lórí májẹ̀mú ni áyà náà, kì í ṣe lórí abẹ́rẹ́. Síbẹ̀, bí a bá ti rí irú òbí bẹ́ẹ̀, òun ni ó ń wá sí wa lọ́kàn.

Kì í sì í ṣe òwò. Zaynab ọmọ Jahsh, ìyàwó Ànábì, mọ iṣẹ́ awọ àti aṣọ rírán, ohun tí ó bá sì rí níbẹ̀, sààrà ni ó fi ń ṣe. Àgbàlagbà ni òun. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ ọdún 6 máa ka iye tí ọkọ̀ agolo rẹ̀ yóò pa.

Ní ti ọmọ wa, a bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn láti sọ fún ọmọdé, ṣùgbọ́n a sọ ọ́: a ní, “Bàbá ṣẹ̀ ọ́, má bínú.” Ó wò wá fún ìgbà díẹ̀, ó ní ṣé a mọ ibi tí a ti lè rí agolo. A jókòó sí ẹ̀yìn ilé lẹ́yìn ìrun àsárì, a gé sílípáàsì, táyà ọwọ́ òsì iwájú sì wọ́ títí di òní nítorí pé àwa ni a gé ìyẹn. A tún sọ ìtàn ẹṣin Áíṣà fún un. Nígbà tí ìyá àgbà wá kí wa, ó gbé ọkọ̀ náà jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá yí i wò síwá sẹ́yìn, wọ́n ní, “Ọkọ mi, ó dára o, ṣùgbọ́n òkun wà lọ́nà Mẹ́kà, báwo ni yóò ṣe kọjá?” Ó ní kí wọ́n má dààmú, aṣọ ìyẹ́ rẹ̀ ni òun ṣì ń wá.