Kí Ẹ Tó Ra Ìbọn Pélébé ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń gbé Amẹ́ríkà ni mo ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin tí ẹ ń wa takisí lóru, àti ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó ń ti ẹnu iṣẹ́ bọ̀ ní ọ̀gànjọ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń ronú àtira ìbọn pélébé láti fi dáàbò bo ara àti ilé. Òfin ibẹ̀ fàyè gbà á fún ẹni tó bá kájú òṣùwọ̀n, mi ò sì ní ní kẹ́nikẹ́ni má rà á. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìbọn lára kọ́ ni iye tí ìbọn máa ná yín. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, ọta tí ẹ máa fi kọ́ṣẹ́ wà níbẹ̀, àpótí tí ẹ máa tì í mọ́ náà wà níbẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tíì ká gbogbo rẹ̀, kó ní sùúrù ná.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé yín

Òfin ìjọba àpapọ̀ fàyè gba ọmọ onílùú àti ẹni tó ní green card láti ra ìbọn. Ẹni tó bá jẹ́ pé físà ló fi wà nílùú, ìbáà ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́, ti àbẹ̀wò, tàbí ti iṣẹ́ bíi H-1B, kò gbọdọ̀ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi tó bá bọ́ sínú àwọn àyè díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, irú bí ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ọdẹ. Ẹni tí kò ní ìwé rárá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Òfin yìí ò wo iye ọdún tí èèyàn ti lò nílùú.

Lọ́dọ̀ oníṣòwò ìbọn tó ní láísẹ́ǹsì, ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 21 kò lè ra ìbọn pélébé. Ẹni tó bá ti pé á kọ fọ́ọ̀mù 4473. Wọ́n á bi í bóyá ilé ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi ẹ̀sùn ńlá rí, bóyá wọ́n ti dá a lẹ́bi pé ó lu aya tàbí ọkọ rẹ̀, bóyá ó ń mu igbó. Bí ìpínlẹ̀ yín bá tilẹ̀ fàyè gba igbó, òfin ìjọba àpapọ̀ ò tíì gbà á. Lẹ́yìn náà ni orúkọ yín á lọ sínú ètò àyẹ̀wò tí FBI bẹ̀rẹ̀ ní 1998. Ẹ má purọ́ sórí fọ́ọ̀mù yẹn, nítorí irọ́ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́wọ̀n nínú.

Ojú àánú wa ni mo bẹ̀rù jù níbí. Àbúrò tí kò ní ìwé lè kó owó wá pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rà á lórúkọ yín." Ẹ kọ̀ fún un, bó ti wù kó sunkún tó. Òfin tí Ààrẹ Biden buwọ́ lù ní 2022 sọ pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè fẹ̀wọ̀n ọdún 15 jura. Ẹ̀yin tí ẹ ní green card, ẹ̀sùn ìbọn lè dá yín padà sílé pẹ̀lú ọwọ́ òfo.

Ẹ wo òfin ìpínlẹ̀ yín pẹ̀lú. Láti oṣù kẹsàn-án 2021, ẹni tó ti pé ọdún 21 tí òfin kò dí lọ́wọ́ lè gbé ìbọn pélébé kiri ní Texas láìgba láísẹ́ǹsì. Ní Maryland, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, kí ẹ tẹ̀ka, kí ẹ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ sì dúró ọjọ́ 7 kí wọ́n tó gbé ìbọn lé yín lọ́wọ́. Illinois ní káàdì tirẹ̀. New York ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ẹni tó bá kó láti Houston lọ sí Baltimore, kó fi òfin Houston sílẹ̀ ní Houston.

Èwo ló tó owó rẹ̀?

Ìbọn pélébé tó ń ki ọta mìíràn fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tó bá yìn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà. Tuntun tó ṣeé gbára lé wà láàárín nǹkan bíi 300 sí 600 dọ́là. Glock 19 sábà máa ń wà lápá òkè, Ruger àti Smith & Wesson sì ní àwọn tó rọjú jù ú lọ. Bí ẹ bá rí èyí tí owó rẹ̀ fi púpọ̀ rẹlẹ̀ sí wọn, ẹ béèrè ìdí.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ béèrè rèé. Láyé àtijọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ kan nítòsí Los Angeles ń fi síńkì yíyọ́ ṣe ìbọn kéékèèké olówó pọ́ọ́kú. Bryco wà lára wọn. Ní California ní 1994, ọ̀kan nínú ìbọn Bryco yìn lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ yọ ọta inú rẹ̀, ó sì ba ọmọ ọdún 7 kan tí kò lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn mọ́ láti ọjọ́ náà. Bí wọ́n ṣe ṣe ìbọn yẹn, èèyàn ò lè tú ọta inú rẹ̀ láìkọ́kọ́ ṣí ohun tí kì í jẹ́ kó yìn. Ní 2003, ilé ẹjọ́ dá ilé-iṣẹ́ náà lẹ́bi owó tabua, ó sì wọ gbèsè. Ṣùgbọ́n irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ṣì ń kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí dòní. Bí wọ́n bá fi lọ̀ yín, ẹ má rà á.

Ní ti ọta, 9mm ni mo máa gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn. Owó rẹ̀ rọjú ju ti .45 lọ, kì í tari ọwọ́ tó o, FBI pàápàá sì ti padà sí i. Ẹ má jẹ́ kí kékeré tàn yín: bí ìbọn bá ṣe kéré sí i tó sì fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ń ta èèyàn lọ́wọ́ sí i. Ẹ lọ sí pápá ìyìnbọn tí wọ́n ti ń háyà ìbọn, kí ẹ yin bíi mẹ́ta wò. Ṣé ìka yín dé ibi tó yẹ kó fà láìyí ọwọ́ padà? Ṣé ẹ lè fa irin orí rẹ̀ sẹ́yìn láìjìjàkadì? Ẹ̀yin ìyá àti àgbàlagbà, ìbéèrè kejì yẹn ló ṣe pàtàkì jù fún yín.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó tuntun, kó béèrè ìbọn tí àwọn ọlọ́pàá lò tí wọ́n fi pààrọ̀ tuntun. Ara rẹ̀ lè ti ha, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ sábà máa ń dára, nítorí gbígbé ni wọ́n ń gbé e ju yínyìn lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀ lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, bóyá wọ́n ti pè é padà fún àtúnṣe.

Lẹ́yìn tó bá délé

Àwọn àgbà kì í jẹ́ kí wọ́n dojú ìbọn kọ wọ́n, bí ẹ̀tù ò tilẹ̀ sí nínú rẹ̀. Ọgbọ́n yẹn wúlò gan-an fún ìbọn òde òní, nítorí pé bí ẹ bá yọ mágásìn tó ń gba ọta sínú kúrò, ọta kan ṣì lè wà nínú ìbọn, ọ̀pọ̀ ìbọn ló sì máa yin ọta ọ̀hún. Ẹ yọ mágásìn, ẹ fa irin orí rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ fojú wo inú rẹ̀, ẹ fìka kàn án. Glock ń béèrè pé kí ẹ fà á bí ẹni ń yìnbọn kí ẹ tó lè tú u fún fífọ̀. Ẹni tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ibẹ̀ ló ti máa yin ara rẹ̀ tàbí ará ilé rẹ̀.

Ní 2020, ìbọn borí jàǹbá ọkọ̀, ó di ohun tó ń pa ọmọdé àti ọ̀dọ́langba jù lọ ní Amẹ́ríkà. Abẹ́ ìrọ̀rí kọ́ ni ibi ìpamọ́, bẹ́ẹ̀ ni orí kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn ọmọ mọ ibẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àpótí onírin kékeré tó ń fi nọ́ńbà ṣí wà tí kò tó 100 dọ́là. Bó bá sì jẹ́ pé ìbànújẹ́ ti gba ọkàn ẹnì kan nínú ilé, ẹ gbé ìbọn náà jáde kúrò nílé títí ara á fi tù ú. Ju ìdajì àwọn tí ìbọn ń pa níbẹ̀ lọ́dọọdún ló jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n pa ara wọn.

Ẹ má sì fi ìbọn yín sínú àgbá tàbí ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka ìbọn pélébé mọ́ èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ní láìgba àṣẹ Ààrẹ, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò sì dín ní ọdún 10.

Bí 1,000 dọ́là bá ni ẹ ní, ẹ má ná ju 500 lọ lórí ìbọn fúnra rẹ̀. Ẹ fi ìyókù ra àpótí, ẹ fi san owó ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ tó mọṣẹ́, ẹ fi ra ọta tí ẹ máa fi kọ́ṣẹ́. Bí owó bá máa tán kó tó kan àpótí, àpótí ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ìbọn dúró di ìgbà mìíràn.