Gàtó Ọsàn Nínú Ìkòkò

Ìfọ̀nyìn jẹ́ ìlú kan ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Lójú pátákó ọ̀nà, Ifangni ni wọ́n kọ ọ́. Ìlú náà kò jìnnà sí ààlà Nàìjíríà. Ẹni tó bá gba Igolo kọjá yóò bọ́ sí Ìdí-Ìrókò. Ní Ìdí-Ìrókò, kéèkì ni wọ́n ń pe oúnjẹ tí a fẹ́ kà nípa rẹ̀ yìí. Ní Ìfọ̀nyìn, gàtó ni.

Ìyá kan ń ta ọsàn lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí ọsàn bá pọ̀, gbogbo ènìyàn ló ń tà á. Àwọn tó ń rà á kò pọ̀ mọ́. Ọsàn á wá máa rà nínú apẹ̀rẹ̀. Èyí ń dun ìyá náà.

Ní ọjọ́ kan, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, "Ọsàn yìí kò ní rà lójú mi. Ẹ jẹ́ ká fi ṣe gàtó. Bó bá dára, màá gé e tà."

Owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju ti ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó ra ìyẹ̀fun àlìkámà, ṣúgà, bọ́tà, ẹyin 3 àti ìwúkàrà díẹ̀. Owó sì tán.

Àkọ́bí fọ ọsàn 2. Ó mú páànù tí wọ́n fi ń rin ilá, ó rọra rin èèpo ọsàn náà.

Màmá sọ pé, "Má rin ín dé ibi funfun. Ó korò."

Àkọ́bí tọ́ ibi funfun náà wò. Ojú rẹ̀ fún pọ̀! Kò rin ín débẹ̀ mọ́.

Màmá po bọ́tà ìdajì ife mọ́ ṣúgà ife 1. Ó fi ọmọrogùn pò ó títí ó fi funfun. Ó fọ́ ẹyin sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó da ìyẹ̀fun ife 2 sí i, pẹ̀lú ìwúkàrà ṣíbí kékeré 2. Ó fi èèpo rírin náà sí i. Ó fún omi ọsàn sí i, ó sì dà á sínú agolo gígùn bíi ti oníbúrẹ́dì.

Ilé wọn kò ní ààrò búrẹ́dì. Ìkòkò irin ńlá ni wọ́n ní. Màmá da iyanrìn gbígbẹ sí ìdí ìkòkò, ó gbé e ka iná èédú. Nígbà tí iyanrìn gbóná dáadáa, ó gbé agolo lé e. Ó fi ọmọrí dé e, ó sì kó ẹyin iná díẹ̀ sórí ọmọrí. Báyìí, ooru ń ti ìsàlẹ̀ wá, ó ń ti òkè wá. Màmá nìkan ló ń fọwọ́ kan ìkòkò náà.

Kò pẹ́, òórùn dídùn gba gbogbo àgbàlá. Àbíkẹ́yìn sún mọ́ ìkòkò.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wò ó díẹ̀!"

"Rárá o! Ìwúkàrà ń ṣe atẹ́gùn kéékèèké sínú rẹ̀. Atẹ́gùn yẹn ló ń gbé gàtó sókè. Gàtó kò tíì le. Bí a bá ṣí i, ooru á jáde, gàtó á sì wọlẹ̀. Ẹyin mìíràn kò sí."

Àbíkẹ́yìn jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ó tó wákàtí 1 kí Màmá tó ṣí ìkòkò. Ó ki ẹyọ ìgbálẹ̀ tuntun kan bọ àárín gàtó, ó sì fà á yọ. Ó gbẹ! Gàtó ti wú. Ẹ̀gbẹ́ kan dúdú díẹ̀, nítorí ẹyin iná pọ̀ jù níbẹ̀.

Ó ku ṣúgà òkè rẹ̀. Ọlọ ata kò ṣeé lò, àbí ta ló fẹ́ gàtó aláta? Àkọ́bí fi ìgò yí ṣúgà lórí àwo títí ó fi kúná. Màmá fi omi ọsàn díẹ̀ pò ó, ó dà á lé gàtó. Nígbà tí ó gbẹ, ó ń dán.

Màmá gé e sí ọ̀nà 10. Àwọn ọmọ pín ọ̀kan. Ní àkókò ìsinmi, ó gbé 9 lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Kí agogo tó lù, àwo ti ṣófo.

Ní ọjọ́ yẹn, ẹyin 6 ni Màmá rà bọ̀ wálé.

Ìbéèrè
Kí ló dé tí Màmá fi ṣe gàtó?
Kí ni iyanrìn ń ṣe nínú ìkòkò?
Kí ló dé tí Àbíkẹ́yìn fi jókòó lé ọwọ́ rẹ̀?
Gàtó mélòó ni ẹyin 6 lè ṣe?