Àkísà Aláṣọ-Eré

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí kò nílò àlàyé fún ẹni tó gbọ́ Yorùbá, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ìrírí ni àkísà inú rẹ̀, àti pé ìrírí kì í ṣe ohun tí owó ń rà lóòjọ́. Ibi tí òwe náà ti bá ọ̀rọ̀ mu jù lóde òní, tí a kì í sì í sábà gbọ́ ọ, ni àpéjọ àwọn olólùfẹ́ anime, ìyẹn eré àwòrán ilẹ̀ Jàpáánì, níbi tí àwọn èwe ti ń wọ aṣọ olówó ńlá wọlé láàárọ̀, tí èjìká aṣọ náà yóò sì ti já, tí bàtà yóò sì ti bó wọn lẹ́sẹ̀ kí ó tó di ọ̀sán.

Cosplay ni wọ́n ń pe irú ìmúra bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tó túmọ̀ sí aṣọ àti eré ni àwọn ará Jàpáánì gé kúrú, tí wọ́n sì so pọ̀; Nobuyuki Takahashi lò ó nínú ìwé ìròyìn My Anime ní ọdún 1983. Ẹni tó ń ṣe é, tí àròkọ yìí yóò máa pè ní aláṣọ-eré, a máa yan ẹ̀dá inú ìtàn kan, a sì máa múra bíi tirẹ̀ láti orí irun dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àṣà náà ju orúkọ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí. Ní ọdún 1939, ní àpéjọ àgbáyé àkọ́kọ́ ti àwọn olólùfẹ́ ìtàn sáyẹ́ǹsì ní New York, Forrest Ackerman wọ aṣọ ará ọjọ́ iwájú, ṣùgbọ́n Myrtle Douglas tí wọ́n jọ lọ ló ṣe aṣọ náà àti ti ara rẹ̀. Orúkọ ọkùnrin náà ni ọ̀pọ̀ òpìtàn ń kọ́kọ́ dá. Ẹni tí àkísà kù sí lọ́wọ́ ló ń gbẹ̀yìn.

Àpéjọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni èyí tí àwọn olólùfẹ́ fúnra wọn ń ṣètò, kì í ṣe èyí tí ilé-iṣẹ́ gbé kalẹ̀ láti fi pawó. Otakon, tó bẹ̀rẹ̀ ní State College ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní ọdún 1994, tó pẹ́ ní Baltimore kí ó tó kó lọ sí Washington ní ọdún 2017, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn: àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tó ń to àga, tó ń parí ìjà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í gbowó oṣù. Ní Tokyo, Comic Market tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Comiket, ọjà ìwé àwọn olólùfẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1975, tilẹ̀ kọ̀ láti pe ẹnikẹ́ni ní oníbàárà. Ẹni tó ń tà, ẹni tó ń rà, òṣìṣẹ́ àti aláṣọ-eré, olùkópa ni gbogbo wọn. Comiket kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni wọ aṣọ-eré láti ilé wá tàbí kí ó wọ̀ ọ́ relé, nítorí náà gbogbo ohun tí ènìyàn yóò lò gbọ́dọ̀ wọnú àpò tó ń gbé lọ.

Inú àpò yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí òwe pè ní àkísà, àkísà gidi ni lọ́dọ̀ aláṣọ-eré: ìrépé tó kù nígbà tí wọ́n rán aṣọ tán; àjákù fóòmù EVA, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sílípáàsì, tí wọ́n ń gé, tí wọ́n sì ń fi ooru tẹ̀ kí ó lè dà bí irin ihámọ́ra; abẹ́rẹ́ tí òwú ti wà lójú rẹ̀; pínnì; gọ́ọ̀mù; àti ọ̀dà díẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti aṣọ mu. Ẹni tó ra aṣọ tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ìkankan nínú wọn, nítorí pé ọ̀dọ̀ ẹni tó rán an ni àkísà kù sí.

Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù nìkan tó ẹ̀kọ́. Èyí tí wọ́n ń yọ́ láti ẹnu ìbọn oníná máa ń tètè mú, ó sì dára fún ẹni tí ìkánjú bá, ṣùgbọ́n ooru tó yọ́ ọ lánàá lè tún yọ́ ọ lónìí. Bí wọ́n bá ti ihámọ́ra tí wọ́n fi í lẹ̀ mọ́ inú ọkọ̀ nínú oòrùn oṣù Kẹjọ, ohun tó wọlé ní odidi lè jáde ní abala-abala. Gọ́ọ̀mù àwọn oníbàtà ni àgbà ń lò, èyí tí wọ́n ń fi pa ojú fóòmù méjèèjì, tí wọ́n sì ń dúró kí ó fẹ́ẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ìdúró ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ èwe kò lè dúró.

Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í dán aṣọ wò. Ó yẹ kí aláṣọ-eré wọ gbogbo rẹ̀ pátá nílé fún wákàtí mélòó kan, kí ó jókòó, kí ó gun àtẹ̀gùn, kí ó na ọwọ́ mú ife, kí ó sì gbìyànjú láti lọ tọ̀ láìpe ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí tó kẹ́yìn yóò kọ omi mímu láti àárọ̀, ẹni tó bá sì kọ omi lábẹ́ wíìgì àti ihámọ́ra, ilẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀. Bí ìbòjú bá ń dí i lójú, kí ó wá ẹni tí yóò máa ṣáájú rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní orúkọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ti ní tirẹ̀ tipẹ́, atọ́kùn eégún ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé atọ́kùn aláṣọ-eré ló tún ń gbé omi, fóònù àti àpò àkísà.

Èyí tó ń bíni nínú jù ni ti àwọn tó ń rán aṣọ lọ́wọ́ nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì di ìdájí, tí wọ́n sì ń fi àìsùn náà yangàn lọ́jọ́ kejì. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ ní òfin kan tí wọ́n ń pè ní 5-2-1: oorun wákàtí 5, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì àti ìwẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ìwọ̀nba tí ara kò gbọdọ̀ má rí ni èyí, síbẹ̀ àwọn kan ń kà á sí àwàdà, pàápàá ìwẹ̀, tí àwọn tó bá wọn tò sórí ìlà sì ń jìyà rẹ̀.

Ti ohun ìjà kò gba àlàyé púpọ̀. Idà irin tó mú àti ìbọn gidi kò ní àyè níbẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ gbé ti igi tàbí ti fóòmù lọ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n lè so okùn aláwọ̀ títàn mọ́ ọn bí àmì pé wọ́n ti rí i. Kí olúwarẹ̀ ka òfin àpéjọ tó ń lọ kí ó tó gé pákó, nítorí òfin wọn kò dọ́gba. Ti fọ́tò náà kò ṣòro: wíwọ aṣọ kò sọ ara di ti gbogbo ayé, ẹni tó fẹ́ ya àwòrán ní láti tọrọ àyè, aláṣọ-eré sì lè kọ̀ láìsọ ìdí.

Síbẹ̀, òwe náà kù díẹ̀ káàtó níbi méjì. Ọjọ́ orí ló fi ń wọn àkísà, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ ló ń bí àkísà. Ọmọ ọdún 16 tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe aṣọ mẹ́ta, tó sì ba méjì jẹ́ nínú wọn, ní àkísà ju ẹni 40 ọdún tó ń ra tirẹ̀ lọ́dọọdún, tí àgbà yìí bá sì fẹ́ mọ ìdí tí èjìká rẹ̀ fi ń já, ọ̀dọ̀ ọmọ náà ni yóò ti lọ bèèrè. Èkejì ni pé òwe sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àkísà kò ṣeé fúnni. Ní ọ̀pọ̀ àpéjọ ní Amẹ́ríkà, tábìlì àtúnṣe kan wà tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ń jókòó tì, tí ẹ̀rọ ìránṣọ, òwú oríṣiríṣi àti gọ́ọ̀mù wà lórí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí aṣọ rẹ̀ bá ya, láìgba kọ́bọ̀. Àwọn tó gbọ́n níbẹ̀ kì í bá aláṣọ rán an. Wọn a ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọn a fi ibi tí yóò ti gún un hàn án, wọn a sì kọjú sí ẹlòmíràn. Aláṣọ náà a dúró pẹ̀lú ìyẹ́ lẹ́yìn àti ìwo lórí, a máa gún ìka ara rẹ̀, nígbà tó bá sì rán an tán, a rọra ká òwú tó kù sí àpò.